Àwọn Ẹlẹ́rìí Àgbàlá Àìlópin

"Bọ̀dá, ẹ gbọ́wọ́ yẹn kúrò! Bí ẹ bá fi ìka kan bọ́tìnnì yẹn, màá gé e jẹ, a ó sì jọ máa wá ẹni tí yóò bá wa rán an padà!"

"Ta lò ń jágbe mọ́?" Bọ̀dá ò tiẹ̀ yíjú. Ìka rẹ̀ ṣì ń rà bàbà lórí kọ̀ǹpútà bí àṣá tó rí òròmọdìẹ. "Ṣé ìwọ lo bí mi ni?"

"N ò bí yín. Ẹni tó bí àwa méjèèjì ló wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn, òun lẹ sì fẹ́ gbé fún ẹni tí ẹ ò mọ ojú rẹ̀ rí!"

"Mo mọ ohùn rẹ̀."

"Ẹ mọ ohùn rẹ̀! Odídẹrẹ́ náà ní ohùn. Ṣé ẹ ó gbé kọ́kọ́rọ́ ilé fún odídẹrẹ́?"

Lórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ìyá wọn mi orí. Ojú Màmá ti fọ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ń jà ló máa ń yí orí sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù. "Ẹ rọra o," ó ní. "Yàrá yìí kò mọ ariwo."

Òótọ́ ni. Yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ni. Bàbá wọn ló fi ògbólógbòó tìmùtìmù kan gbogbo ògiri rẹ̀ yíká, débi pé ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá sọ níbẹ̀, kì í padà wá bá a. Ohùn àbúrò Bọ̀dá, ọmọbìnrin tó ń jágbe yìí, nìkan ló máa ń gún tìmùtìmù lu jáde. Ẹnu-Abẹ ni wọ́n ń pè é láti kékeré, ẹni tó bá sì ti bá a jà rí kì í bèèrè ìdí. Iṣẹ́ rẹ̀ nínú yàrá náà ni gígé: ó ń gé ikọ́, ó ń gé ìdákẹ́ tó gùn jù, ó ń tún ibi tí òǹkàwé méjì ti já lu ara wọn lẹ́nu ṣe. Bọ̀dá ni ọ̀gá. Òun ló ń yan ẹni tí yóò kàwé àti ẹni tí yóò lọ sílé.

Adìwépọ̀ ni bàbá wọn. Ìwé tó ti fàya ni wọ́n ń kó wá fún un kó rán pọ̀, kò sì sí èyí tó rán tí kò kọ́kọ́ kà. Nígbà tí ojú ìyàwó rẹ̀ fọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé sí i létí. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀ tí kò ní lè tètè délé, á ka tọjọ́ náà sínú ẹ̀rọ kan kí obìnrin náà lè máa gbọ́ ọ títí òun yóò fi délé. Afọ́jú kan gbọ́, ó tọrọ. Òmíràn gbọ́. Kò pẹ́ tó fi di ìkànnì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Àká Ohùn lorúkọ rẹ̀, ibi tí ẹni tí kò ríran, níbikíbi tó bá wà, ti lè tẹ fóònù kí wọ́n sì kàwé sí i létí láìgba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá kú. Àká Ohùn kò kú.

Ohun tó ń ya Ẹnu-Abẹ lẹ́nu títí dòní nìyẹn. Ó mọ gbogbo wáyà tó wà nínú yàrá náà bí ẹni mọ ìka ọwọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé e tán. Ọkùnrin kan wà lábẹ́ ilẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí sì ń gbọ́ bó ṣe ń ṣí ojú ewé. Wọ́n ń gbọ́ èémí tó máa ń fà kó tó bọ́ sínú gbólóhùn gígùn, bí ẹni fẹ́ rì sódò. Ọkùnrin afọ́jú kan tó ń hun àga tẹ̀ wọ́n láago láti ìlú tí wọn kò dé rí, ó ní bí Bàbá bá ti ń kàwé, ọwọ́ òun a dúró fúnra rẹ̀, àga a sì máa wo òun. Níbo gan-an ni Bàbá wà nígbà náà? Nínú ẹ̀rọ ńlá kan ni, ní ilé kan tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò wọ̀ rí, tí wọn kì í paná rẹ̀ lọ́sàn-án lóru. Ìkànnì ò kúkú yàtọ̀ sí èèyàn. Ó ní láti rí ibi gbé. Bí Ẹnu-Abẹ bá ronú kan ilé yẹn, á máa yọ́ ẹsẹ̀ rìn bí ẹni tó wọ ibi tí ọmọ ọwọ́ ń sùn sí.

Ilé-iṣẹ́ tí Àká Ohùn ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ látọjọ́ yìí ló wá kéde pé àwọn ń tilẹ̀kùn, kí oníkálukú wá kó ẹrù rẹ̀ kí oṣù tó parí. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹlòmíràn tó bá ń wá ilé fún ìkànnì rẹ̀, á yẹ ibẹ̀ wò, á gbé nǹkan kékeré síbẹ̀ ná, á wo bó ṣe ń ṣe. Ìdílé yìí kò mọ ìyẹn. "Ojú lè purọ́, ohùn kì í purọ́," ni Bàbá máa ń wí, ọ̀rọ̀ yẹn sì ti di òfin fún wọn. Bọ̀dá gbé fóònù, ó ń pe ilé-iṣẹ́ kan tẹ̀ lé òmíràn, ó ń dijú gbọ́ ohùn wọn bí ìgbà tó ń yan òǹkàwé.

Ẹnu-Abẹ náà rí onílé ìkànnì kan ní tirẹ̀. Akólòlò ni.

"À-à-àyè wa ló-lópin," ni ọkùnrin náà sọ fún un. "Bó bá kún, ẹ ó sanwó sí i tàbí kẹ́ ẹ kó lọ. O-orúkọ ìkànnì yín, tiyín ni. Ẹ fi orúkọ ara yín gbà á. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín fi orúkọ tirẹ̀ gbà á, tí-títí kan èmi. Ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sílé. Nígbà òjò tó kọjá, ẹ̀rọ wa dákú láti àárọ̀ di ọ̀sán. À-àṣìṣe tèmi ni." Ó sì ṣàlàyé àṣìṣe náà. Ẹnu-Abẹ kò tíì pàdé ọlọ́jà tó ń ka àbùkù ọjà rẹ̀ fún oníbàárà rí. Ó gbé fóònù kúrò létí, ó wò ó tìyanutìyanu.

Bọ̀dá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ohùn Bàbá lo fẹ́ kó sọ́dọ̀ ẹni tí kò lè sọ 'ẹ káàsán' tán kílẹ̀ tó ṣú?"

Ó wá bá Àgbàlá Àìlópin pàdé. Bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ọ̀hún ṣe pe ara rẹ̀. Àyè tí kò lópin, títí ayé, owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ohùn ọ̀gá wọn jinlẹ̀, ó ń dán bí tábìlì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ó sì fún Bọ̀dá ní nọ́ńbà àwọn oníbàárà mẹ́ta kó fẹnu ara rẹ̀ bi wọ́n. Ọ̀kan ni Ìyá Olódòdó, ìyá arúgbó tó ń ta òdòdó. Ìkejì ni Tíṣà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ìkẹta ni Kapẹ́ńtà. Bọ̀dá pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní látọjọ́ tóun ti ń yan òǹkàwé, òun kò gbọ́ ohùn mẹ́ta tí òótọ́ kún inú wọn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Màmá náà tiẹ̀ bá Ìyá Olódòdó ṣọ̀rẹ́. Lọ́sàn-án lọ́sàn-án ni wọ́n ń tàkúrọ̀sọ.

"Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, bóyá etí yín dí ni," Ẹnu-Abẹ ní. Ó ti fi ara rẹ̀ há àárín Bọ̀dá àti kọ̀ǹpútà. "Àyè tí kò lópin, kò sí i. Ayé tí a wà nínú rẹ̀ yìí gan-an lópin! Gbogbo ọ̀rọ̀ ìyìn tó wà lórí ìkànnì wọn, ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n kọ ọ́, bí ẹni pé àwọn oníbàárà jọ wọ bọ́ọ̀sì kan náà wá. Kò sí ẹyọ aláròyé kan láàárín wọn. Ọjà wo lẹ ná rí tí kò ní aláròyé? Wọ́n tún ní kí á gbé orúkọ Àká Ohùn sábẹ́ orúkọ tiwọn, wọ́n ní àwọn fẹ́ dáàbò bò ó. Ẹni tó fẹ́ bá yín ṣọ́ ọmọ, ṣé á ní kí ẹ kọ́kọ́ fi orúkọ òun sọ ọmọ náà? Tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì yìí, ọwọ́ wọn ni orúkọ yẹn ń lọ. Lọ́la, tí wọ́n bá ní kí a wá rà á padà ńkọ́? Tí wọ́n bá pa á tì ńkọ́? Ẹni tó ń wá Bàbá á kan ilẹ̀kùn, kò ní rí ẹni dáhùn."

"Àwọn oníbàárà wọn jẹ́rìí."

"Àwọn oníbàárà dà? Lánàá, nígbà tí Màmá ń bá Ìyá Olódòdó sọ̀rọ̀, mo pe Tíṣà. Kò gbé e. Mo pe Kapẹ́ńtà. Kò gbé e. Màmá sọ pé ó dàbọ̀, mo tún pe Tíṣà: ó gbé e kí ó tó dún lẹ́ẹ̀kejì!"

"Tíṣà wà ní kíláàsì nígbà yẹn."

"Lọ́jọ́ Àìkú?"

"Ó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ ọjọ́ Àìkú."

"Ẹ̀kọ́ ọjọ́ Àìkú, nínú ìṣirò!" Ẹnu-Abẹ pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ó rẹ ohùn sílẹ̀, nítorí ohun tó kù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ariwo. "Màmá, lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ sọ fún Ìyá Olódòdó pé ẹ̀rù ń bà yín, pé bí ẹ kò bá gbọ́ Bàbá lọ́jọ́ méjì, ẹ kì í lè rántí bí ohùn wọn ṣe rí mọ́. Ẹ ò sọ ọ́ fún àwa ọmọ yín rí. Mo gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà ni. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọ̀gá Àgbàlá Àìlópin pe Bọ̀dá, ó ní, 'Lọ́dọ̀ wa, ìyá yín kò ní gbàgbé ohùn yẹn láé.' Ta ló sọ fún un?"

"Ọ̀rẹ́ mi ló sọ fún un," Màmá dáhùn kíá. "Wọ́n jọ mọra ni. Ìwọ ọmọ yìí, o ti ń fura jù. Ohùn obìnrin yẹn kò lè purọ́."

"Ó tó!" Bọ̀dá dìde. Ó yọ fóònù lápò. "Mo máa pe ọ̀gá náà àti àwọn oníbàárà mẹ́ta yẹn báyìí, màá so wọ́n pọ̀ sórí ìlà kan. Tí wọ́n bá gbé e, ìwọ fúnra rẹ lo máa tẹ bọ́tìnnì yìí, wàá sì kúnlẹ̀ tẹ̀ ẹ́."

"Mo gbà. Tí wọn ò bá gbé e ńkọ́?"

"Màá lọ bẹ akólòlò rẹ."

Ó tẹ nọ́ńbà àkọ́kọ́. Ọ̀gá gbé e. Ó tẹ ìkejì, ó so ó mọ́ ọn. Ìyá Olódòdó gbé e. Tíṣà gbé e. Ẹnu-Abẹ di etí àga mú. Kapẹ́ńtà gbé e.

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bọ̀dá gbé fóònù sórí tábìlì kí gbogbo wọn lè máa gbọ́, ó ká apá mọ́ àyà, ó wo àbúrò rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

"Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ẹbí Àká Ohùn!" Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀. Ìlà náà ń dún padà díẹ̀, bíi pé inú kànga ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀.

"Ta ló ń kígbe sí mi létí báyìí?" Ìyá Olódòdó ni. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó ń gbọ̀n létí bí aṣọ tó gbó. "Áà, ìwọ ọ̀gá yìí ni! Òdòdó tó o ní o máa wá gbé fún ìyàwó rẹ ti rọ sọ́rùn mi o."

"Màmá, ẹ má tú mi síta níwájú àwọn èèyàn."

"Ẹ dákun, ẹ yára," Kapẹ́ńtà gbà á, ohùn tó ń ha bí ayùn tó ń rẹ́ pákó. "Gọ́ọ̀mù ń gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́."

"Kapẹ́ńtà." Tíṣà wúkọ́ díẹ̀, ó dá ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ bí ẹni tó mú ẹfun dání. "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ṣe àga tó wó mọ́ ọ̀gá ilé-ìwé wa nídìí?"

"Kò sí ohun tó ṣe àga mi! Ọ̀gá yín ló sanra!"

"Ẹ fi àwọn tó sanra sílẹ̀ o," ni Ìyá Olódòdó wí. "Àwa náà wà ńbẹ̀."

Màmá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín bí kò ṣe rẹ́rìn-ín látìgbà tí wọ́n ti gbé ọkọ rẹ̀ jáde nílé, ó fọwọ́ lu orúnkún, ó ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní aláwàdà. Ẹ̀rín mú Ẹnu-Abẹ pàápàá, kò mọ̀gbà tó ti ń rín. Ọ̀rọ̀ ń lọ, ọ̀rọ̀ ń bọ̀. Tíṣà ní kí Kapẹ́ńtà wá ka ẹsẹ̀ àga fún òun, bóyá mẹ́rin ni. Kapẹ́ńtà ní ẹsẹ̀ mẹ́rin ni, ṣùgbọ́n ìṣirò tíṣà ni wọ́n fi wọ̀n wọ́n. Ìyá Olódòdó ń là wọ́n níjà, Ọ̀gá ń bẹ̀bẹ̀. Níbi tí Ẹnu-Abẹ jókòó sí, ọwọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́kàn láìjẹ́ pé ó rán an: ó ń wá ibi tí yóò gé.

Kò rí ibi kankan gé.

Ó tún gbọ́ ọ dáadáa. Èèyàn mẹ́rin ń jà lórí àga, kò sì sí ẹni tó já lu ọ̀rọ̀ ẹnìkejì rẹ̀. Kò sí ẹ̀rín tó gun orí ẹ̀rín. Kò sí ẹni tó ní "Háà!" nígbà tí ẹlòmíràn ṣì ń sọ̀rọ̀. Nínú ilé tiwọn níbí, àwọn mẹ́ta péré ni wọ́n, gbogbo gbólóhùn ló ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Àwọn yẹn ń gba ọ̀nà tóóró kọjá níkọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ọ̀fun kan ṣoṣo ni ilẹ̀kùn tí gbogbo wọn ní.

Irun ọwọ́ rẹ̀ dìde.

Ẹnìkan ni. Ọkùnrin kan ló jókòó níbì kan tí ó tẹ́ fóònù mẹ́rin síwájú. Kò lè bá Màmá sọ̀rọ̀ lánàá kó tún máa fi ohùn Tíṣà dáhùn, nítorí ọ̀tọ̀ ni ìlà, ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìlà kan náà lèyí, ó sì ń sáré nínú rẹ̀ láti ara dé ara, ó di arúgbó, ó di géńdé, ó bínú sí ara rẹ̀, ó pa ara rẹ̀ lẹ́rìn-ín. Àwọn ohùn náà ní eyín tó yàtọ̀ síra wọn. Wọ́n ní ọjọ́ orí. Kapẹ́ńtà ní ẹ̀fọ́rí, Ẹnu-Abẹ lè búra. Kò gbọ́ irú rẹ̀ rí nínú gbogbo òǹkàwé tó ti kọjá nínú yàrá yìí. Bàbá ì bá wà láàyè, ì bá dìde dúró fún un. Gbogbo èébú tó ti kó jọ sẹ́nu ló yọ́ bí iyọ̀, ohun tó kù kò ju pé kó jókòó sílẹ̀ kó máa gbọ́ ọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

"Ó yá," Bọ̀dá wí. Ó ti kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Kúnlẹ̀, kó o tẹ̀ ẹ́."

Ẹnu-Abẹ kúnlẹ̀. Ó tẹ̀ síhà fóònù, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ débi pé Bọ̀dá yíjú wò ó.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Láti inú mi ni mo ti sọ ọ́: ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀bẹ̀ kan péré ló kù. Ọjọ́ ńlá ni òní fún Màmá mi. Ẹ bá mi kí wọn pé, 'Màmá, ẹ kú oríire.' Ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lẹ́ẹ̀kan náà, kó dún pọ̀."

Màmá na ọrùn síhà fóònù.

"Lẹ́ẹ̀kan náà kẹ̀?" Ìyá Olódòdó ni, ìyàlẹ́nu hàn lóhùn rẹ̀. "Ọmọ yìí, níbo lo ti rí i tí àgbà ń sọ̀rọ̀ tí ọmọdé ń bá a sọ ọ́ pọ̀? Ẹ jẹ́ kí n ṣáájú."

"Bẹ́ẹ̀ ni," Tíṣà wí. "Àgbà ló ń ṣáájú. Èmi á tẹ̀ lé wọn."

"Kí èmi gbẹ̀yìn," ni Kapẹ́ńtà wí. "Ọwọ́ mi ò mọ́."

Ẹnu-Abẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. Kí ojú tó ṣẹ́, ọkùnrin náà ti rí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí kò sí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé tó lè dí i mọ́ ọn.

"O gbọ́?" Bọ̀dá ní. "Àwọn èèyàn tó lẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Ìwọ ni wọ́n gbàgbé láti kọ́." Ó na ọwọ́ kọjá lórí àbúrò rẹ̀, ìka rẹ̀ tún rọ̀ sórí bọ́tìnnì. Ẹnu-Abẹ ya ẹnu, kò rí nǹkan kan sọ. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí i rí.

"Ẹ gbé e fún mi."

Màmá ni. Ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ẹ̀rín náà kò mira. Ó na àtẹ́lẹwọ́ síwájú, ó dì í mú síbẹ̀, títí Ẹnu-Abẹ fi gbé fóònù lé e. Bọ̀dá kò tíì tẹ nǹkan kan. Màmá gbé fóònù náà súnmọ́ ẹnu bí ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọbẹ̀ gbígbóná.

"Ọ̀rẹ́ mi," ó ní, "ẹ sọ fún mi lánàá pé mo fi ọdún méjì jù yín lọ. Èmi ni mo dàgbà jù lórí ìlà yìí. Èmi àgbà ni mo yọ̀ǹda, kò sí ẹni tí yóò bú wọn. Mi ò tiẹ̀ ní kí ẹ jẹ́ mẹ́rin. Ẹ̀yin àti Tíṣà, ẹ̀yin méjì péré. Ẹ jọ pè mí ní Màmá."

Ẹnìkan mí. Wọ́n gbọ́ èémí kan ṣoṣo náà láti ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ìlà Kapẹ́ńtà kú. Ti Tíṣà kú. Ti Ọ̀gá kú. Ti Ìyá Olódòdó ló pẹ́ jù, kí òun náà tó kú.